Wáípà AUTO ń nu gíláàsì gbígbẹ, òjò dé ó dákẹ́: ṣé sẹ́ńsọ̀ ni kí n rà?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọkọ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni, ará Jámánì, ọdún 2014. A pààrọ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n sì lẹ tíńtì sókè gíláàsì tuntun náà lọ́jọ́ kan náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fi wáípà sí AUTO, ibi tó ti yẹ kó máa nu fúnra rẹ̀ bí òjò bá dé, á máa nu gíláàsì gbígbẹ nínú oòrùn, rọ́bà á máa han kíríkírí. Bí òjò wínníwínní bá wá bẹ̀rẹ̀, kò ní mira. Bí tírélà bá da omi sí gíláàsì, á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó jí. Rewáyà ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ òjò, èyí tó ń sọ fún wáípà ìgbà tó yẹ kó nu, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣé nǹkan míì wà tí mo lè yẹ̀ wò kí n tó náwó? Ẹ dákun, iná iwájú náà máa ń tàn fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Bọ̀dá Ládípọ̀:
Sẹ́ńsọ̀ ni. Ẹ wá tòkunbọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ ki tuntun bọ ibẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Baba Rewáyà:
Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹni tó ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra nítorí irú èyí pọ̀, wáípà kò sì yé nu gíláàsì gbígbẹ.

Sẹ́ńsọ̀ yẹn kì í wo òjò. Gíláàsì ló ń wò. Ó lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì lẹ́yìn dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn, ó sì ń tan iná infrared tí ojú kò lè rí sínú gíláàsì náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí ìwọ̀n dígírì 45. Bí ìta gíláàsì bá gbẹ, iná náà á ta padà sínú sẹ́ńsọ̀. Bí ẹ̀kán omi bá wà níbẹ̀, apá kan iná náà á gba inú omi jáde lọ, èyí tó padà á sì dínkù. Bó bá ṣe dínkù tó ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń mọ̀ bóyá kí wáípà nu lẹ́ẹ̀kan, kó máa nu díẹ̀díẹ̀, tàbí kó máa sáré. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá jí iná yẹn gbé lójú ọ̀nà, òjò ni sẹ́ńsọ̀ máa pè é.

Ohun tó sábà máa ń jí i gbé lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì ni afẹ́fẹ́. Rọ́bà jẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti gíláàsì, ó mọ́ gaara bí omi, ó sì rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí afẹ́fẹ́ má ráyè síbẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ṣí i kúrò lára gíláàsì àtijọ́, tí wọ́n fọwọ́ ìdọ̀tí dì í mú, tí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun, eruku àti afẹ́fẹ́ roboto-roboto á há sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn á mú afẹ́fẹ́ náà fẹ̀, wáípà á bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Ẹ dúró síta, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, ẹ yí orí sọ́tùn-ún sósì. Jẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ dáadáa máa ń dúdú gbálákan. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bíi fàdákà, roboto tàbí gígùn bí okùn, afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Alágíláàsì:
Ẹ̀gbọ́n Rewáyà ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí arákùnrin yìí fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi dá sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ òjò àti sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ wà nínú ilé kan náà ni. Afẹ́fẹ́ abẹ́ jẹ́ẹ̀lì kì í sábà mú kí iná iwájú tàn lọ́sàn-án. Ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn. Ẹ yẹ tíńtì yẹn wò. Àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti lẹ̀ ẹ́ kọjá ojú sẹ́ńsọ̀, kí wọ́n sì wá tẹ jẹ́ẹ̀lì lé orí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, iná infrared náà á sì máa já nínú fíìmù tíńtì náà kó tó dé gíláàsì rárá. Sitíkà géètì ẹ́sítéètì àti sitíkà pátíkúlà tí wọ́n lẹ̀ sẹ́bàá dígí yẹn náà lè ṣe é.

Èkejì, irú gíláàsì. Gíláàsì méjì lè rí bákan náà tí wọ́n bá tò ó sọ́jà, síbẹ̀ kí ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀, kí èkejì má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti sẹ́ńsọ̀ ní ihò kan láàárín kíkùn dúdú òkè, tí a kò kùn rárá, àti férémù tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Èyí tí kò ní férémù, àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn bó ṣe wù wọ́n. Ẹ má gbà á. Nínú àwọn ọkọ̀ VW àti Audi kan, sikánà, ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni wọ́n tún fi ń kọ irú gíláàsì tó wà lára ọkọ̀ sínú sẹ́ńsọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ti ọkọ̀ tèmi ńkọ́? Wáípà máa ń nu gíláàsì gbígbẹ, á sì dáwọ́ dúró, bóyá òjò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀. Bákan náà ló ń nu ún nígbà gbogbo.

Baba Rewáyà:
Màámi, ẹ wo ọ̀pá wáípà tó wà lábẹ́ sítíárìn. Bó bá jẹ́ INT ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí kì í ṣe AUTO, ọkọ̀ yín kò ní sẹ́ńsọ̀ òjò. Àkókò ló ń kà. Òrùka tó wà lára ọ̀pá náà ni ẹ fi máa ń fa àlàfo gùn tàbí kúrú. Tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú pọ̀ tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Lára èyí tó ní AUTO, òrùka yẹn kan náà ló ń pinnu bí sẹ́ńsọ̀ ṣe máa tètè dáhùn, kì í ṣe iye àkókò.

Akéde Ẹ̀kọ́-ọkọ̀:
Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ohunkóhun, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi ìbòòji. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì ẹ́ńjìnì. Ẹ fi wáípà sí AUTO, ẹ yí òrùka rẹ̀ dé òpin ibi tó ti ń tètè dáhùn jù. Kí ẹnì kan fi ìgò tó ń fín omi fín in sí iwájú awakọ̀ nìkan, kó yẹra fún ibi sẹ́ńsọ̀. Wáípà kò ní mira, ìyẹn kì í sì í ṣe àbùkù. Ojú sẹ́ńsọ̀ kò ju bí owó kọ́ìnì ńlá kan tàbí méjì lọ. Kó wá fín in sí iwájú sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀méjì péré. Ó yẹ kó nu ún lójú ẹsẹ̀. Kó da omi ife kan sí ibẹ̀, ó yẹ kó yára sí i. Bó bá yára dáhùn omi, tó sì tún ń nu ún nígbà tó gbẹ, jẹ́ẹ̀lì tàbí gíláàsì lẹ máa fura sí. Bí kò bá dáhùn rárá, ẹ wo fíúùsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lẹ́yìn náà sikánà.

Ìdí sì nìyẹn tí òjò wínníwínní fi máa ń tàn án jẹ. Ẹ̀kán rẹ̀ kéré, ó fọ́nká, ó lè kún iwájú yín pátápátá kí ọ̀kan ṣoṣo má tíì bọ́ sójú sẹ́ńsọ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ ọ̀pá náà nígbà yẹn. Mi ò gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú rẹ̀ lé AUTO lọ́wọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Ọ̀gá Táyà:
Ẹ má gbàgbé rọ́bà wáípà fúnra rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti le nínú oòrùn tàbí tó ya, á máa fi ìlà omi tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní ojú sẹ́ńsọ̀ gan-an. Sẹ́ńsọ̀ á tún rí omi, á tún ní kí ó nu, ìlà náà á tún kù síbẹ̀. Báyìí ni ó ṣe máa ń nu gíláàsì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ bí ẹni tí wọ́n gbé èpè lé. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́mìí rẹ̀ lábẹ́ oòrùn ilẹ̀ wa. Ẹ fi téèpù wọn ti ọ̀tún àti ti òsì kí ẹ tó lọ rà, wọn kì í sábà gùn bákan náà.

Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fi wáípà sí òdo pátápátá. Eruku tó kún gíláàsì ti tó láti tan sẹ́ńsọ̀ jẹ, rọ́bà á sì fi eruku náà ha gíláàsì. Bákan náà níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Wáípà tó bá dìde lójijì lè gbá ọwọ́ ọmọ tó ń nu gíláàsì.

Àǹtí Mánṣẹ́sítà:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú òtútù, ẹ pa AUTO kí ẹ tó pa ọkọ̀ lálẹ́. Bí yìnyín bá ti lẹ rọ́bà mọ́ gíláàsì, tí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, wáípà á gbìyànjú láti nu ún. Ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀ ni kí rọ́bà ya, kí fíúùsì jó, tàbí kí ibi tí apá wáípà ti so mọ́ irin rẹ̀ jẹ.

Ọ̀dọ́ Ìtàn Mọ́tò:
Ọ̀rọ̀ wáípà tó ń ronú fúnra rẹ̀ kì í ṣe tòní. Citroën SM, ọkọ̀ ará Faransé tó jáde ní 1970, kò lo iná infrared. Iye iná mànàmáná tí mọ́tò wáípà ń fà ló ń wò, torí gíláàsì gbígbẹ máa ń fà á lẹ́sẹ̀ ju tútù lọ. Àwọn Tesla ìgbàlódé náà kò lo sẹ́ńsọ̀ infrared, kámẹ́rà iwájú ni. Ẹni tó bá ní i, kó má wá jẹ́ẹ̀lì kiri.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tíńtì kọjá ojú sẹ́ńsọ̀ lóòótọ́, nǹkan funfun roboto mẹ́ta sì ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ṣé mo lè lo sílíkóònù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì dípò jẹ́ẹ̀lì?

Alágíláàsì:
Rárá o. Sílíkóònù yẹn máa ń gbẹ le, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, ẹ ò sì ní lè yọ sẹ́ńsọ̀ mọ́ láì fọ́ ọ. Téèpù alẹ̀méjì náà kò dára. Ẹ béèrè jẹ́ẹ̀lì sẹ́ńsọ̀ òjò, kí ẹ sọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, ó sì rọ̀ lówó ju sẹ́ńsọ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ ìbòrí ẹ̀yìn dígí. Ìdajì méjì ni, wọ́n há mọ́ra wọn. Ẹ tẹ irin pẹlẹbẹ méjì tó di sẹ́ńsọ̀ mú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ fi abẹ ya fíìmù tíńtì yí ojú ihò náà ká, kó fẹ̀ ju sẹ́ńsọ̀ lọ díẹ̀, ẹ bó o kúrò. Ẹ fi sípíríìtì àti aṣọ tí kì í já òwú sílẹ̀ nu gíláàsì àti ojú sẹ́ńsọ̀ títí tí gọ́ọ̀mù fíìmù fi máa tán. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ ṣí bébà ẹ̀gbẹ́ kan lára jẹ́ẹ̀lì, ẹ má fi ìka kan àárín rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí sẹ́ńsọ̀ láti ìgun kan lọ sí ìkejì bí ẹni ń tẹ́ ẹní, kí afẹ́fẹ́ lè máa sá jáde níwájú rẹ̀. Ẹ wá ṣí bébà kejì, ẹ tẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ há àwọn irin náà padà, ẹ sì ki sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó máa ń pòórá. Bí èyí tó tóbi bá wà láàárín, ẹ ṣí i, ẹ tún un ṣe. Kí ẹ sì tún ṣe ìdánwò ìgò omi yẹn kí ẹ tó dá ìbòrí padà.