Kí ni kí n máa kọ sínú ìwé èrò nípa ọ́fíìsì?

Ọmọ_Itamaga
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọdún kejì ND ni mo wà, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń kọ́ níbí ní Ìkòròdú. Olùkọ́ wa kan ní kí kálukú ra ìwé kan, ká máa kọ èrò wa sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nípa bí èèyàn ṣe lè ṣètò ọ́fíìsì òde òní, kó sì darí rẹ̀. Wọn ò fún wa ní àpẹẹrẹ kankan. Èyí tí mo ti kọ, bíi nóòtì kíláàsì ló rí: "Ètò ṣe pàtàkì. Ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ ní atẹ́gùn." Ìwé SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, tiẹ̀ sàn, ohun tí mo bá ṣe ni mò ń kọ síbẹ̀. Mi ò sì ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì gidi rí, ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ẹ̀gbọ́n mi ní Sábó ni mo ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Níbo ni èrò ti fẹ́ wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ogolonto_Boy
Àbúrò, gbé e fún ChatGPT kóo lọ sùn. Ta ló fẹ́ kà á?

Màmá_Odogunyan
Ìwọ ọmọkùnrin yìí, má ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ọmọ mi, iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣe dàgbà ní iléeṣẹ́ kan ní Odogunyan kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀bù Sábó tí ò ń fojú tín-ín-rín yẹn, ọ́fíìsì ni. Owó ń wọlé, ìwé ń jáde, oníbàárà ń bínú. Kí ló kù? Ètò SIWES ti wà láti 1973, ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe ló ń béèrè. Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o kọ sínú eléyìí, kí o wá bi ara rẹ pé kí ló fà á.

Níbi iṣẹ́ wa, ẹ̀yìn tábìlì akápò ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Ẹni tó bá fẹ́ mú bébà á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, á kí i, á sì bi í bóyá owó oṣù ti wọlé. Ìṣirò á dàrú, akápò á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Gbogbo wa ní ọ̀lẹ ni obìnrin yẹn. Agùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa ló ya yàrá náà sórí páálí, ó gún píìnì síbi tábìlì kọ̀ọ̀kan, ó wá ń fa òwú dúdú láti píìnì dé píìnì nígbàkigbà tí ẹnì kan bá dìde. Kó tó di ọ̀sán, òwú tó wà lẹ́yìn akápò ti dì bí irun tí a ò yà. A gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu ọ̀nà. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́. Iṣẹ́ bíríkìlà ni Frank Gilbreth ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó wo àwọn tó ń to bíríkì, ó ka ohun tí ara wọn ń ṣe kí bíríkì kan tó jókòó, ó jẹ́ 18. Ó ṣe pèpéle tí wọ́n lè gbé ga kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú bíríkì, 18 sì wálẹ̀ sí bíi 5. Nígbà tó kú ní 1924, Lillian ìyàwó rẹ̀ ló ń bá iṣẹ́ náà lọ, tòun tọmọ rẹpẹtẹ.

Ijede_Online
Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Yàrá mi ni ọ́fíìsì tèmi, oníbàárà iléeṣẹ́ òkè òkun ni mò ń dá lóhùn. Egbin, iléeṣẹ́ amúnáwá tó ní agbára 1,320 mẹ́gáwáàtì, kò jìnnà sí mi, ṣùgbọ́n orí waya gbogbo ilẹ̀ ni iná ẹ̀ ń gbà lọ, èmi náà ń wojú iná bíi gbogbo yín. Mo máa ń kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdájí ni kí n máa fi fáìlì ńlá ránṣẹ́. Àbúrò, ìyẹn náà wọ ìwé rẹ.

Ọmọ_Itamaga
Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Mo jókòó wò wọ́n lónìí. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń béèrè èló ni fọ́tòkọ́pì, ẹ̀gbọ́n mi á sì dá iṣẹ́ dúró láti dáhùn. Iye owó wà lára ògiri o! Ilẹ̀kùn ló bò ó tí wọ́n bá ti ṣí i. Ṣé kí n gbé e síbòmíràn?

Màmá_Odogunyan
Má tíì fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́ kọ ohun tí o rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí o má baà parọ́ fún ara rẹ lẹ́yìn ọ̀la. Kí o sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, àwọn ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ_Itamaga
Mo ti bi wọ́n, Mà. Wọ́n ní kí n gbé e, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn míì mọ iye ẹ̀ dáadáa, wọ́n kàn fẹ́ ná an ni. Mo ti kọ ìyẹn náà sí i.