Ìwà jàgídíjàgan nínú bọ́ọ̀sì London: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì (Thamesmead)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe ní Camberwell, alẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi mí sí. 177 ni mo máa ń wọ̀ láti Thamesmead dé Peckham, kí n tó wá wọ 36 tàbí 436. Lálẹ́ Friday àti Saturday, ohun tójú mi ń rí nínú àwọn bọ́ọ̀sì yìí kọjá àfẹnusọ. Àwọn ọmọ kan á gbé orin sókè débi pé ẹ ò ní gbọ́ orúkọ ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè. Ọ̀mùtí á máa wá ẹni tí yóò bá jà. Ẹlòmíì á tan igbó lókè, òórùn rẹ̀ á sì bá wa nísàlẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan dìde níbi tó jókòó sí, ó wá jókòó tì mí nígbà tí ìjókòó ṣófo káàkiri. Ó ní ṣé ọkọ wà nílé, ó ní ibùdókọ̀ wo ni mo ti máa sọ̀ kalẹ̀. Àyà mi já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, kí lẹ máa ń ṣe sí irú èyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ra mọ́tò o, owó físà ṣì wà lọ́rùn mi.

Bọ̀dá Peckham

Àǹtí, ẹ kú ewu. Ibi ìjókòó ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, ẹ má gun òkè bọ́ọ̀sì. Ìsàlẹ̀ níwájú ni kẹ́ ẹ wà, níbi tí dírẹ́bà ti lè rí yín nínú dígí rẹ̀. Ẹ má bọ́ sójú fèrèsé, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tó bá wá jókòó tì yín nígbà tẹ́ ẹ wà lójú fèrèsé ti há yín mọ́bẹ̀ nìyẹn.

Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ dìde. Ẹ ò jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan. Ẹ̀kọ́ ilé máa ń ṣe àwa ọmọ Yorùbá ní jàǹbá nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹnì kan á máa bi wá ní ohun tí kò kàn án, àwa á máa rẹ́rìn-ín, ká má baà dà bí ẹni tí kò mọ̀wàá hù. Ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Bó bá tẹ̀ lé yín, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dá, kódà kó jẹ́ ibùdókọ̀ yín gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé yín dé ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti ṣí, kẹ́ ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà, kẹ́ ẹ pe ará ilé kó wá pàdé yín.

Fóònù ńkọ́? Ẹ má dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àárín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já a gbà. Bí ilẹ̀kùn bá fẹ́ padé báyìí, ọwọ́ á nà, fóònù á lọ, ọkọ̀ á gbéra, ẹ̀yin á sì máa wo olè láti ojú fèrèsé. Ẹ tẹ *#06# lórí fóònù yín lónìí, nọ́ńbà IMEI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíì, á jáde. Ẹ kọ ọ́ síbòmíì tí kì í ṣe inú fóònù yẹn.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ ká dìde ká lọ yìí kì í dùn mọ́ mi. Nínú Micra ní Ìbàdàn, bí ìpáǹle kan bá ń yọ obìnrin lẹ́nu, ṣé ẹ rò pé àwọn èrò á kàn máa wò ó? Ìyá tó gbé ẹ̀fọ́ sórí ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bú u, àwọn tó kù á gbè é. Níbí, odidi èrò ọkọ̀ á tẹjú mọ́ fóònù. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé òwe yẹn ò rí físà gbà wọ London ni?

Dírẹ́bà Gúúsù

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, òwe yẹn rí físà gbà. Ọ̀bẹ lè wà lápò ọmọ tuntun níbí ni.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní gúúsù London. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ẹ̀yìn dígí, torí èébú tí wọ́n ń bú wa pé ojo ni wá ti pọ̀ jù. Wọ́n kọ́ wa pé ká má jáde lọ bá oníjà. Bọ́tìnnì kan wà lórí rédíò wa. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, yàrá ìdarí á mọ ibi tí ọkọ̀ mi wà, wọ́n á sì bá mi pe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìyẹn, màá dá ọkọ̀ dúró, màá ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tí mo ṣí yẹn gan-an ló ń gbani jù: ẹni tó fẹ́ sá á ráyè sá, oníwàhálà náà á sì sábà gba ibẹ̀ lọ nígbà tó bá rí i pé ọkọ̀ ò rìn mọ́. Èrò ò mọ̀. Wọ́n á máa lulẹ̀, wọ́n á ní kí n wa ọkọ̀, iṣẹ́ ń pe àwọn.

Àmọ́ mi ò lè tẹ bọ́tìnnì lórí ohun tí mi ò mọ̀. Mò ń rí òkè nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú títì ni ojú mi yẹ kó wà. Ẹ wá sọ fún mi nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ má sì ro ìtàn. “Ọkùnrin kan lókè, jákẹ́ẹ̀tì pupa, ó ń halẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin kan.” Ó tó.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, ẹ tètè fi tó ọlọ́pàá létí. Kámẹ́rà wà nínú bọ́ọ̀sì London gbogbo, ṣùgbọ́n àwòrán tuntun máa ń gorí ti àtijọ́. Wọ́n á bi yín ní nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, ibi tó forí lé, àkókò, àti ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́. Èyí tó wúlò jù, tí èrò kì í sì í wò, ni nọ́ńbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ọkọ̀ àti sára rẹ̀ níta. 177 tó ń rìn lálẹ́ kan pọ̀, ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà yẹn kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ yà á sínú fóònù bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé. Bẹ́ ẹ bá sì ti gbàgbé àkókò, káàdì yín ò gbàgbé. Bẹ́ ẹ bá ní àkáǹtì lọ́dọ̀ TfL, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀sì London, ó máa fi bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wọ̀ àti wákàtí tẹ́ ẹ tẹ káàdì hàn yín.

999 ni kẹ́ ẹ pè bó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, 101 ni bó bá ti tán. 61016 tẹ́ ẹ ń rí nínú reluwé, ti ọlọ́pàá ojú irin ni. Ọlọ́pàá Met, ìyẹn ọlọ́pàá ìlú London, ló ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì.

Màmá Woolwich

Ẹ ṣé, ọmọ mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú títì. Ọmọ Ìbàdàn, èmi náà kì í lè dákẹ́. Àmọ́ mo ti ṣíwọ́ bíbá ẹni tó ń dààmú èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n ń dààmú ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin ilé ìwé kan wà nínú bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wé hijab, báàgì ìwé rẹ̀ wà láyà. Ọkùnrin kan dúró lé e lórí, ó ń sọ̀rọ̀ sí i nípa ẹ̀sìn rẹ̀, ó ń fa etí aṣọ orí rẹ̀. Mo dìde pẹ̀lú báàgì Lidl mi, mo gba àárín wọn kọjá, mo jókòó ti ọmọ náà, mo sì pariwo ní Yorùbá: “Háà, ìwọ ọmọ yìí! Ibo lo wà látàárọ̀? Màmá ẹ ti ń wá ẹ!” Ọmọ Somali ni, kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n ó wojú mi, ó sì yé e. Ó ní “Sorry, auntie.” Mo ń bá a lọ, mo ń bi í nípa ìyá rẹ̀, nípa oúnjẹ, nípa ẹ̀kọ́ tó kọ́, èmi nìkan ni mò ń dá ara mi lóhùn. Mi ò wo ojú ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró díẹ̀, kò rí ẹni bá jà, ó gorí òkè lọ. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ ni ọmọ náà tó bú sẹ́kún.

Ẹ má dá sí i bó bá mú ohun ìjà lọ́wọ́ o. Bó bá jẹ́ ẹnu lásán, ẹ kàn jókòó ti ẹni tí wọ́n ń bú. Ẹ béèrè wákàtí, ẹ béèrè ọ̀nà.

Ọmọ Ìbàdàn

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn yé mi.

Ìyá Ìbejì (Thamesmead)

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì kù. Bí ẹni náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ńkọ́, tí mi ò lè sọ̀rọ̀ sórí fóònù? Ìkejì, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká má pe ọlọ́pàá rárá, pé wọ́n á máa wo físà wa.

Bọ̀dá Peckham

Ẹ pe 999 lórí fóònù alágbèéká, ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá gbé e á bi yín ní ìbéèrè. Bẹ́ ẹ bá lè wúkọ́ tàbí kẹ́ ẹ kan fóònù, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ 55, ẹ tẹ̀ ẹ́, á so yín pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá. Àwọn kan rò pé 55 yẹn ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì ní láti wá bẹ́ ẹ ṣe máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà mìíràn ni àtẹ̀jíṣẹ́: ẹ kọ “register” ránṣẹ́ sí 999 nísinsìnyí tí nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá fèsì. Torí àwọn adití àti àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè fi pè wọ́n nígbà tí kò bá lè lahùn.

Ní ti físà, ẹni tó ní físà tó péye ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé wọ́n halẹ̀ mọ́ òun nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá fẹ́ dárúkọ rárá, Crimestoppers wà, àjọ tó ń gba ìròyìn ìwà ọ̀daràn, 0800 555 111, wọn kì í béèrè ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé àwọ̀ yín tàbí ẹ̀sìn yín ni wọ́n fi bú yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún ọlọ́pàá, torí hate crime, ìwà ọ̀daràn ìkórìíra, ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí, kì í ṣe ìjà lásán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹnikẹ́ni ò tíì dá Àǹtí lóhùn lórí ti orin. Òfin tó de èrò bọ́ọ̀sì nílẹ̀ yìí láti 1990 ti kà á léèwọ̀ láti fi orin yọ àwọn tó kù lẹ́nu. Ní 2025, TfL tún gbé pátákó síta pé kí kálukú fi nǹkan sétí. Ọtí náà, láti June 2008 ni wọ́n ti ní ká má mu ún nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó ṣí agolo rẹ̀ mú dání gan-an ti rú òfin. Ẹ ò ní rí ẹni tó máa wá mú wọn lójú ẹsẹ̀ ṣá.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ díẹ̀: àwa náà ńkọ́? Èmi ti wọ bọ́ọ̀sì tí gbogbo wa gbọ́ iye tí wọ́n dá fún aṣọ ẹbí kan ní Ṣàgámù, láti orí spíkà fóònù àǹtí wa kan. Ẹlòmíì á fi ìwàásù pàṣẹ fún gbogbo ọkọ̀ ní aago méje àárọ̀.

Ìyá Ìbejì (Thamesmead)

😂 Ẹ má pè mí lórúkọ o. Mo ti lọ ra earpiece.

Dírẹ́bà Gúúsù

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ eléyìí náà. Àwọn ọmọ tó ń da ọkọ̀ rú yìí, ọmọ tiwa wà lára wọn. Káàdì Zip tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní àdéhùn ìwà nínú, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ tó bá rú u. Ọmọ tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sílé ìwé á wá di ẹni tẹ́ ẹ ń fún lówó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi káàdì náà yá ọ̀rẹ́, kí wọ́n sì má bá ẹgbẹ́ jókòó sẹ́yìn pátápátá lókè.

Ará Manchester

Ọ̀dọ̀ tiwa, gbogbo bọ́ọ̀sì ti wà lábẹ́ Bee Network, ètò ọkọ̀ ìlú wa, láti January 2025, aláwọ̀ yẹ́lò. Àwọn òṣìṣẹ́ TravelSafe, àwọn tó ń mójú tó ààbò èrò, máa ń wọnú ọkọ̀, wọ́n sì wà ní àwọn ibùdó ńlá, ẹ lè lọ bá wọn tààrà. Ìyókù ò yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ ti sọ. Ìsàlẹ̀ níwájú lèmi náà ń jókòó.

Màmá Woolwich

Ìyá Ìbejì, aago mélòó lẹ máa ń wọ 177 lọ síbi iṣẹ́ ní Saturday? Èmi náà máa ń wọ̀ ọ́ ní Woolwich, mò ń lọ nu ọ́fíìsì lápá New Cross.

Ìyá Ìbejì (Thamesmead)

Màmá, mo máa ń kúrò nílé bí aago méje ààbọ̀ alẹ́. Ìsàlẹ̀ ni mo máa wà, mo máa ń wọ kóòtù aláwọ̀ ewé.

Màmá Woolwich

Ẹ gbé báàgì yín sórí ìjókòó kejì dè mí. Mo ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi bẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́.