Mo pa ímeèlì rẹ́, dísìkì ò fúyẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Thunderbird ni mo fi ń gba ímeèlì láti bí ọdún 8. Dísìkì mi ti kún dẹ́nu, GB 3 péré ló kù. Lánàá, mo jókòó pa ímeèlì bí 20,000 rẹ́. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i: GB 3 di 2! Ṣé kí n kúkú pa fáìlì tó ń kó wọn sí rẹ́ ni, àbí kí n wá ètò mìíràn?

Àkànní: Ẹ má fọwọ́ kan fáìlì yẹn o! Gbogbo ímeèlì inú fóldà kan, inú fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní mbox ló wà. Bí ẹ bá pa ọ̀kan rẹ́, Thunderbird kàn sàmì sí i ni, ó sì da ẹ̀dà rẹ̀ sínú Trash. Ẹ ò rí i pé ó ti di méjì? Ìdí tí dísìkì fi kún sí i nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ da Trash nù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ Inbox, kí ẹ yan Compact. Ìgbà náà ni yóò tó gé wọn kúrò.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti da Trash nù, ṣùgbọ́n Compact ní ààyè ò tó.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, Àdùkẹ́ mi. Compact máa ń kọ fáìlì tuntun tán kó tó pa ti àtijọ́ rẹ́, torí náà ó nílò ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Fóldà kéékèèké ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows lò ń lò, lọ sí Settings, System, Storage, kí o tẹ Temporary files. Bí o bá rí Previous Windows installation níbẹ̀, GB tó pọ̀ ni yóò dá padà fún ọ, bí o kò bá ti fẹ́ padà sí Windows àtijọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fàmì sí Downloads láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣe é rí, àwòrán ìgbéyàwó àbúrò mi bá a lọ. Títí dòní ló ṣì ń dùn mí.

Túnjí: Ètò mìíràn ò ní yí i padà. Outlook náà ní Compact Now tirẹ̀ fún PST, fáìlì tó ń kó ímeèlì sí. Àsomọ́ ló ń jẹ ààyè jù: bí wọ́n bá fi fáìlì MB 9 ránṣẹ́, ó máa ń lé ní MB 12 nínú ímeèlì. Ẹ tò wọ́n ní Size, kí ẹ yan Detach fún èyí tó tóbi. Yóò tọ́jú fáìlì náà síbi tí ẹ bá fẹ́, yóò sì yọ ọ́ nínú ímeèlì. Ẹ gbé e sí dísìkì ìta.

Àkànní: Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ ti Thunderbird pa, kí ẹ da Profile Folder yín, ìyẹn fóldà tí Thunderbird ń kó ímeèlì yín sí, kọ sí dísìkì ìta náà. Bó bá sì jẹ́ IMAP lẹ ń lò, ìyẹn ọ̀nà tó ń mú kí ímeèlì orí kọ̀ǹpútà àti ti fóònù máa bára mu, ẹ rántí pé èyí tí ẹ bá parẹ́ níbí ti parẹ́ lórí fóònù náà.

Àdùkẹ́: Ó ti ṣiṣẹ́ o! Inbox wálẹ̀ láti GB 19 sí 6. Àsomọ́ ni mo ń tò báyìí. Fídíò kan náà ni ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin.