Ìwé kíkà lójú omi: ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó kúrò nílé

Ará Ọ̀ffà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Orí tugboat ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kékeré alágbára tó máa ń fa ọkọ̀ ńlá. Ẹ́ńjìnnì ni mo ń tọ́jú. Ọjọ́ 28 lórí omi, ọjọ́ 28 nílé l'Ọ́ffà. Ẹni tó bá ti gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ló ń le jù, wákàtí tí iṣẹ́ bá ti tán ni. Kábìnnì kótópó, ẹni méjì, ariwo ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ẹsẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ìwé bébà ni mo kọ́kọ́ ń gbé lọ. Ọdún méló làwọn ìwé yẹn ti lò lórí pẹpẹ bàbá mi tí ọyẹ́ ò fi nǹkan kan ṣe wọ́n! Ọ̀rinrin òkun ò fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewé wọn wú, wọ́n ń rùn, nǹkan funfun hù sí wọn lẹ́yìn. Ó dùn mí gan-an, nítorí mi ò lè dá wọn padà fún bàbá bí mo ṣe gbà wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo ra Kindle, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a fi ń ka ìwé.

Oòrùn ni mo kọ́kọ́ fi mọ iyì rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan lórí dẹ́kì, ojú fóònù á ṣú, pàápàá tí mo bá wọ jígí tó ń pa ìtànṣán orí omi. Ojú Kindle ní tirẹ̀ á funfun kedere bíi bébà. Àpò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló kún inú rẹ̀, nǹkan dúdú àti funfun tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ wà nínú wọn. Iná bátìrì ló ń pe dúdú tàbí funfun jáde sókè. Tí wọ́n bá ti tò tán, wọn ò jẹ iná mọ́ títí tí ẹ ó fi ṣí ewé mìíràn. Ìdí nìyẹn tí bátìrì kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lóru, mo máa ń dín iná rẹ̀ kù débi pé ẹni tó sùn sí bẹ́ẹ̀dì òkè ò ní mọ̀ pé mo jí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, mo ra ìwé mẹ́sàn-án. Mo rí àwòrán ẹ̀yìn ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lójú ẹ̀rọ, mo ní ó ti parí. A jáde lọ síbi tí ọkọ̀ epo ń dúró sí lójú òkun, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ka àkọ́kọ́ tán, mo tẹ èkejì, kò ṣí. Mo tẹ ẹ̀kẹta, kò ṣí. Àwòrán lásán ló wọlé, àwọn ìwé náà ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé kan ṣoṣo ni mo bá wá! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó padà sí èbúté.

Ní báyìí, mo máa ń yà sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Tanke, n'Ílọrin, kí n tó wọ mọ́tò. Màá ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan dé àárín. Lẹ́yìn náà màá pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, màá sì tún wọn ṣí. Èyí tí kò bá ṣí, mi ò kà á mọ́ ẹrù mi.

Tíṣà Ìlọrin:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá o. Èmi kì í sùn sórí omi, mo kàn ń sọdá ni. Iṣẹ́ máa ń gbé mi dé àwọn abúlé etí Odò Ọya, lápá Patigi lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ onígi gbọ́dọ̀ kún kó tó gbéra, ẹ lè jókòó wákàtí méjì létí odò. Ibẹ̀ ni mo ti ń kàwé. Tí wọ́n bá ti fa ẹ́ńjìnnì, Kindle mi ti wọnú ọ̀rá, láìfù jákẹ́ẹ̀tì mi ti wà lọ́rùn, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo. Ìwé kankan ò tó ohun tí mo lè torí rẹ̀ yí èyí padà.

Tòkunbọ̀ ni mo ra tèmi. Ó kọ̀, kò jẹ́ kí n forúkọ ara mi sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó tà á fún mi ò sì gbé fóònù mọ́. Wáyà ni mo fi ń ti ìwé sínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ forúkọ yín sílẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé àmì ohùn ń hàn dáadáa lórí tiyín? Lórí tèmi, àmì òkè máa ń kúrò lórí lẹ́tà "ẹ", á lọ bà lé lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ará Òmù-Àrán:

Kindle tèmi ò rí omi rárá. Inú báàgì ló wà, mo gbé àpótí irinṣẹ́ lé e. Ìlà dúdú gba ìdajì ojú rẹ̀ títí dòní. Ẹ ra páálí líle fún un.

Ará Ọ̀ffà:

Ẹ ṣeun, tíṣà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi náà. Nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà, "ẹ" ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Ṣe ni wọ́n ń gbé àmì òkè lé e lọ́tọ̀. Irú lẹ́tà (font) tí wọn ò bá ṣe fún un kì í mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì náà sí. Irú lẹ́tà tó ń jẹ́ Charis SIL mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e sínú fódà tó ń jẹ́ fonts, kí ẹ wá yàn án níbi tí a ti ń yan lẹ́tà. Ọjọ́ tí mo rí "ọ̀rẹ́" tó jókòó pé láìfọ́, mo ké pe ìyàwó mi wá wò ó.

Ní ti omi, Paperwhite, irú Kindle kan tó jáde ní 2018, lè wà nínú omi aláìníyọ̀ tó jìn tó mítà 2 fún ìṣẹ́jú 60. Omi òkun ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìgbì fọ́n sí tèmi lára, ẹ̀kán omi tó ń ṣàn lójú rẹ̀ wá ń ṣí ewé bí ìgbà tí ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́. Mo nù ún, mo gbàgbé ẹnu ihò wáyà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, iyọ̀ ti gan funfun síbẹ̀. Omi tó ṣeé mu ni mo fi ṣàn án, mo dorí ẹnu ihò náà kodò fún ọjọ́ méjì, mi ò ki wáyà bọ̀ ọ́ títí ó fi gbẹ. Ó ń gba iná títí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ. Ìwé 41 ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣí ìkọkànlélógójì láàárọ̀ yìí.