Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oògùn eégbọn tí mo kán sára ọmọ ajá mi pa ọ̀kan nínú wọn

Ìyá Tanímọ̀la, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá níbí. Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Abo ajá mi, Tanímọ̀la, bí ọmọ márùn-ún, wọ́n sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni eégbọn ti bò wọ́n, pàápàá nínú etí àti láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, yọ̀rọ̀ sì ń fò bí a bá ti ya irun ikùn wọn wò. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ra oògùn olómi tí wọ́n máa ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ajá nínú ọjà. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ajá tó wọn kílò 10 sí 20 ni ó wà fún, mo sì rí permethrin, èròjà apakòkòrò kan, nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí mo sọ fún ẹni tó tà á pé ọmọ ajá ni tèmi, ó ní kí n kán ìdajì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò séwu.

Méjì ni mo kán an fún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́, etí èyí tó kéré jù nínú àwọn méjèèjì, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Dúdú, bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rú bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́, itọ́ funfun ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Aládùúgbò kan ní kí a rọ epo pupa sí i lẹ́nu, a rọ ọ́. A tún fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti kú sí orí aṣọ tí mo tẹ́ fún un. Ìkejì kò gbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú ibi tí oògùn náà kán sí ti pọ́n, irun ibẹ̀ ń ṣí, ó sì ń ha á tọ̀sán-tòru.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi sí ojú ibẹ̀ yẹn? Àwọn mẹ́ta tí n kò fọwọ́ kàn ńkọ́, tí eégbọn ṣì kún ara wọn? Ológbò wa náà sì máa ń sùn sí àárín wọn.

Alájá Owódé, Ọ̀yọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run yóò dá àwọn tó kù sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ka ìmọ̀ràn mìíràn ni kí ẹ wẹ èyí tí ara rẹ̀ pọ́n yẹn, bí ẹ kò bá tíì wẹ̀ ẹ́, àní bí ó tilẹ̀ ti di ọjọ́ kẹta. Omi lásán kò lè ṣí oògùn náà kúrò, nítorí ó máa ń wọ inú ọ̀rá ara irun, níbẹ̀ ni ó sì ń gbé. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ọlọ́ràá ni kí ẹ lò, pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe gbígbóná, torí omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sún mọ́ awọ, oògùn yóò sì tètè wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì nu ún gbẹ láìjẹ́ kí òtútù mú un, nítorí ọmọ ajá kì í pẹ́ tutù, àgàgà nígbà ọyẹ́.

Ẹ má fi róòbù, Dẹ́tọ́ọ̀lù tàbí epo sí ojú ibẹ̀. Ẹ gé páálí bí ẹnu ìgò àrọ, kí ẹ fi yí ọrùn rẹ̀ ká, kí ẹsẹ̀ àti ahọ́n òun àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà débẹ̀. Ẹ má sì ju páálí oògùn yẹn nù rárá; òun ni ẹ ó mú dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Ọmọ Ọdẹ, Ìkòyí-Ilé

Mo bá yín kẹ́dùn, ìyá mi. Nílé tiwa, ajá ọdẹ mẹ́fà ni bàbá mi ń sìn, ọwọ́ ni a sì fi ń já eégbọn wọn lálaalẹ́ tí wọ́n bá ti inú igbó dé. Àdí ni màmá mi máa ń fi pa wọ́n lára. Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n po òtapiápiá mọ́ omi, tí wọ́n fi wẹ ajá. Ajá ìbátan mi kan kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ajá ńlá ni, kì í ṣe ọmọ ajá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín nímọ̀ràn yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ kú àjálù yìí mà. Ẹnì kan wà ní àdúgbò wa tó máa ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ ivermectin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, eégbọn á sì já bọ́. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Mo rò pé ó lè dára fún àwọn mẹ́ta tó kù.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Ìyá Tanímọ̀la, ẹ pẹ̀lẹ́. N kò lè wo ajá tí n kò fojú rí, ṣùgbọ́n etí tó ń gbọ̀n, awọ tó ń rú, itọ́ tó ń dà àti ẹsẹ̀ tí kò gbé ara mọ́, bí permethrin tó pọ̀ lápọ̀jù ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Iṣẹ́ oògùn náà ni pé kì í jẹ́ kí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ sinmi. Iṣẹ́ kan náà ni iṣan yóò máa jẹ́ léraléra títí kòkòrò yóò fi rọ, tí yóò sì kú. Ara ajá tó ti gbó lè ba oògùn náà jẹ́ kó tó ṣe é ní nǹkan. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ajá kò tíì lágbára bẹ́ẹ̀, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ sì kéré sí ohun tí awọ náà ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò ìdajì tí òǹtajà yẹn sọ. Ìdajì oògùn ajá kílò 10 sí 20 ṣì jẹ́ oògùn ajá kílò 5 sí 10. Bí Dúdú bá wọn kílò 2, ohun tó gbà fi ìlọ́po méjì ààbọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè tó ìlọ́po márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ti dun àwọn ará ibòmíràn náà rí. Lọ́dún 2009, EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn oògùn tí à ń kán sára ẹran ọ̀sìn wò nítorí pé ìròyìn jàǹbá tí wọ́n ń ṣe pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí lọ́dún 2010, àwọn ajá kékeré ni ó ń ṣe ní jàǹbá jù nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì ní kí àlàyé ìwọ̀n ara páálí túbọ̀ ṣe kedere.

Epo pupa kì í pa májèlé. Ọmọ ajá tó ń gbọ̀n kò lè gbé e mì dáadáa, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rá inú rẹ̀ sì lè ran oògùn tí ó bá lá lọ́wọ́ láti wọ ara. N kò sọ èyí láti dá yín lẹ́bi, nítorí ohun tí gbogbo wa bá nílé ni; mo sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣe é lóru òní. Ajá tó ń gbọ̀n, ilé ìwòsàn ni ibi rẹ̀. Oògùn wà tí a fi ń dá gbígbọ̀n náà dúró, ọ̀pọ̀ tí wọ́n tètè gbé dé ni ó sì ń yè é.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, mo mọ̀ pé ire ni ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tọ́ka ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ ivermectin tó wà lọ́jà, màlúù ni wọ́n ṣe é fún: mílílítà kan wà fún kílò 50. Ọmọ ajá kílò 2 kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́kù tó lẹ̀ mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, kò sì sí ọwọ́ tó lè wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ nínú sírínjì lásán. Bí ó bá ṣì í, kò sí oògùn tó ń pa agbára rẹ̀. Ti òtapiápiá ni pé dichlorvos inú rẹ̀ máa ń mú kí itọ́, omijé àti ìtọ̀ dà, kí ihò dúdú àárín ẹyinjú kéré, kí èémí sì há. Ọmọ Ọdẹ ti sọ ìyókù.

Àwọn mẹ́ta tó kù: ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣí ètè wọn wo ẹran ìdí eyín. Bí ó bá funfun dípò kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, eégbọn ti mu ẹ̀jẹ̀ wọn jù tàbí kí ó ti kó ibà eégbọn ràn wọ́n, dókítà gbọ́dọ̀ wò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Fipronil, oògùn eégbọn mìíràn tí à ń kán, wà fún ọmọ ajá tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó sì tó kílò 2, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀n tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ńlá tí a pín. Fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ìyarun olójú wẹ́wẹ́ àti ẹ̀mú kékeré ni: ẹ di orí eégbọn mú nítòsí awọ, kí ẹ fà á jáde tààrà láìlọ́ ọ, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú omi ọṣẹ. Ẹ má fi iná tàbí kẹrosíìnì lé e.

Ológbò yín, ẹ yà á sọ́tọ̀ lónìí. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ permethrin dáadáa. Sísùn ti ajá tí wọ́n kán an sí lára lè pa á.

Alájá Owódé, Ọ̀yọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ohun kan kù tí mo fi ọdún méjì jìyà kí n tó mọ̀ ọ́n: eégbọn tó bá yó kì í dúró lára ajá. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀, á gun ògiri, á sì yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú àlàfo tí a kò rí. Bí ẹ bá wẹ gbogbo ajá ilé yín lónìí tí ẹ kò tọ́jú ògiri àti ẹní, lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní ni ẹ ó tún padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí àlàfo, kí ẹ se aṣọ tí wọ́n ń sùn lé, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ fín oògùn sílé wọn, kò gbọdọ̀ sí ajá kankan nínú rẹ̀ títí yóò fi gbẹ pátápátá.

Ìyá Tanímọ̀la, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ kẹrin nìyí tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo wẹ èyí tó pọ́n lára lọ́jọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, omi àkọ́kọ́ ń rùn bí oògùn náà gan-an, èyí tó yà mí lẹ́nu lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ibẹ̀ ti ń sé èépá, kò sì ha á mọ́. Síkéèlì ìyá onírẹsì ẹ̀bá ilé wa ni mo fi wọ̀n wọ́n, inú agbọ̀n ni mo kó wọn sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kílò 2.3, 2.1, àti 1.7.

Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran pẹ̀lú páálí náà. Ẹran ìdí eyín ẹni 1.7 yẹn funfun bí owú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí ibà eégbọn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Méjì gba fipronil ìwọ̀n tiwọn, níṣojú mi. Ti ẹni kékeré, èmi àti ọmọ mi obìnrin ni a jókòó lálẹ́ àná pẹ̀lú ẹ̀mú àti agolo mílíìkì tí a bu omi ọṣẹ sí. A ka mọ́kàndínlógójì láti etí kan ṣoṣo.

Mo padà lọ bá ẹni tó ta oògùn náà. N kò bá a jà. Mo fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ kílò 10 sí, mo sọ fún un pé Dúdú kò lè ju nǹkan bí kílò 2 lọ, mo sì sọ bí ó ṣe kú. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó ń pa wọ́n, ó sì ní òun yóò máa béèrè ìwọ̀n ajá kí òun tó tà á. Ológbò ń sùn ní yàrá mi báyìí. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la láti wá dí àwọn àlàfo ògiri, Tanímọ̀la àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì wà nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Tákíé títí yóò fi gbẹ.