Oògùn ojú ketorolac ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2 lójú alátọ̀gbẹ: kí ni kí á ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn àti nọ́ọ̀sì ojú. Láti Abẹ́òkúta ni ìbéèrè yìí ti wá.

Ìyá kan, ẹni ọdún 68, alátọ̀gbẹ tí ojú rẹ̀ máa ń gbẹ, ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì (dígí inú ojú tó ti ṣú). Wọ́n ní kó máa kán ketorolac 0.5% (oògùn ojú tó ń dín ìrora àti wíwú kù), ẹ̀kán 1, ìgbà 4 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, pẹ̀lú prednisolone (oògùn ojú onísítẹ́rọ́ìdì). Ọjọ́ 17 rèé, ó ṣì ń kán méjèèjì, torí pé ojú ṣì ń ta á.

Ẹ̀rù ibẹ̀ ni pé ketorolac máa ń pa ìrora mọ́lẹ̀. Tó bá kọjá ọjọ́ 14, pàápàá lójú alátọ̀gbẹ, ojú gbígbẹ tàbí onílàkúrègbé, awọ mímọ́ gaara iwájú ojú lè bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, kó sì lu. Aláìsàn náà lè má tètè mọ̀. Prednisolone tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tún lè mú kí egbò pẹ́ kó tó jinná.

Ṣé kó dá ketorolac dúró lónìí, kó sì lọ rí dókítà ojú lọ́la, àbí kó kọ́kọ́ pe dókítà? Prednisolone ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìbéèrè kejì: àwọn oníṣòwò ọjà Kútọ̀ níbí kì í dúró ìṣẹ́jú 5 láàárín ìgò oògùn ojú méjì, ẹ̀kán kejì a sì ṣan ti àkọ́kọ́ dànù. Kí ni ẹ ń sọ fún wọn tó ń wọlé?