Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ tí àìsàn ń bá jà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 4, SS ni, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà ọsibítù wọlé pé ó ku abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta tí kò tíì gbà, ti òtútù àyà, ti yírùnyírùn àti ti flu, látìgbà yẹn ni oorun ti dá lójú mi. Kì í ṣe pé mo lòdì sí abẹ́rẹ́ o, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gba gbogbo tiẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n eléyìí, ọmọ tí wọ́n ti gún lápá gún lẹ́sẹ̀ látìgbà tó ti dáyé, tí ara ẹ̀ bá gbóná díẹ̀ báyìí ọsibítù là ń lọ, a sì lè sùn síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Èyí tó gbà kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ara ẹ̀ gbóná, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ egungun ti ń dùn ún, bí a ṣe gbé e sáré nìyẹn. Mo bi nọ́ọ̀sì kan pé ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló fà á, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kò léwu, ó bá tiẹ̀ lọ. Bàbá ẹ̀ ní ká fi sílẹ̀ ná. Èmi gan-an ò mọ èyí tí mo fẹ́ mọ́.

Ìyá Táyé: Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá wa. Ìbẹ̀rù yẹn mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Màá padà wá kọ tèmi tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Ẹ̀gbọ́n Àlàbá: Èmi ò ní parọ́ fún yín, mo ti dá tiwa dúró. Ọmọkùnrin mi ní ásímà, ara tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ ẹ tún ń da nǹkan sí i. Ẹ̀yin náà ẹ ò gbọ́ ti èyí tí wọ́n ní ó ń fa autism, tí ọpọlọ ọmọ kì í jẹ́ kó lè bá èèyàn ṣe bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni? Ká tiẹ̀ ní irọ́ ni, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ta ló máa bá mi gbé e? Èmi àti ìyá ẹ̀ náà ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Màmá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì yẹn tọrọ àforíjì, kò dáa bó ṣe dá yín lóhùn, ìbéèrè gidi lẹ bi í. Èmi ò mọ ọmọ yín, torí náà ohun tí mo bá sọ, ẹ tún fi bi dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà wà ní ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan wà nínú ikùn wa tí wọ́n ń pè ní spleen, òun ló ń sẹ́ àwọn kòkòrò kan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àgàgà èyí tó ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Nínú ọmọ SS, ẹ̀jẹ̀ tó ń dì mọ́ ibẹ̀ máa ń ba spleen yìí jẹ́ láti kékeré, ọ̀pọ̀ ọmọ ò tíì pé ọdún 5 tí kò fi níṣẹ́ kankan tó ń ṣe mọ́. Ó lè máa sáré káàkiri ilé o, ojú ò ní rí i. Ọjọ́ tí kòkòrò yẹn bá wá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ wákàtí ni, ọmọ tó ń ṣeré lọ́sàn-án lè wà lẹ́nu ikú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń fún wọn ní pẹnisílìnì lárààárọ̀ lálaalẹ́ náà nìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986 fi hàn pé pẹnisílìnì yẹn dín àrùn kòkòrò yìí kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí ẹ̀ ń sọ pé ara ẹ̀ ò lágbára ká má fún un, torí pé kò lágbára yẹn gan-an ni wọ́n ṣe kọ tiẹ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Kòkòrò tó ń fa òtútù àyà yẹn ní ẹ̀yà tó ń lọ sí 100, àwọn èyí tó gbà ní ọmọ ọwọ́ ò kárí gbogbo ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń fi òmíràn kún un tó bá ti pé ọdún 2 nìyẹn.

Ti ìrora tó dé lọ́jọ́ kejì, mi ò ní sọ pé ẹ ń purọ́. Ibà lè tẹ̀lé abẹ́rẹ́, ibà àti àìmomi tó lè ta ìrora jí. Ohun tí à ń ṣe sí i ni kó mu omi dáadáa ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un, kí ẹ mú ọjọ́ tí ara ẹ̀ yá. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: tí ibà bá dé lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ má sọ pé abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ wá jókòó sílé. Iye ibà tí wọ́n ti fún yín náà ni, ọ̀pọ̀ ibi ló ń lo 38.5°C, tó bá ti débẹ̀ ẹ gbé e lọ. Ẹ má sì fún un ní parasitamọ́ọ̀lù ṣáájú láìbi wọ́n, ó lè bo ibà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àlàbá, ọ̀rọ̀ autism yẹn, ọdún 1998 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Wakefield kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ MMR, tí ti èéyi wà nínú ẹ̀, lè fà á, ọmọ 12 péré ló fi ṣe é, ìwé ìròyìn tó gbé e jáde fa á padà ní 2010, ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní Ìlú Ọba. Ní Dẹ́ńmáàkì wọ́n tọpa ọmọ tó ju 650,000 lọ, wọn ò rí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìdòwú: Ẹ̀yin ará, kíndìnrín ni tiwa, sitẹ́rọ́ọ̀dù ọmọ mi, oògùn tó ń dín agbára ara láti bá àrùn jà kù, pọ̀ débi pé ojú ẹ̀ wú. Ohun tó ń dà wá rú ni pé dókítà kan ní ká gba abẹ́rẹ́, òmíràn ní ká má gbà á, mo ní àwọn èèyàn yìí fúnra wọn ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Àṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni abẹ́rẹ́ tí oníkálukú ń sọ! Àwọn kan wà tí kòkòrò inú ẹ̀ ṣì wà láàyè ṣùgbọ́n tí wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ, bíi ti èéyi àti ti chickenpox, ìyẹn ni ọmọ tí sitẹ́rọ́ọ̀dù bá pọ̀ lára ẹ̀ tàbí tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ ò gbọdọ̀ gbà lásìkò yẹn. Àwọn tó kù, òkú ni kòkòrò wọn tàbí èérún ẹ̀ lásán, wọn ò lè di àrùn. Nítorí náà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹ má bi í pé ṣé abẹ́rẹ́ dáa, ẹ dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ní èyí ńkọ́, ààyè ni àbí òkú, nísinsìnyí àbí ìgbà wo. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó buwọ́ lù ú, kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù.

Ọmọ kan ní kíláàsì ẹ̀ wá kó chickenpox. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká pè lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ ohun ìjà àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì tó ti wà ní sẹpẹ́, ti chickenpox kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 10, ti èéyi ọjọ́ 6, bó bá ṣe yá tó ló dáa tó. Ẹ lọ sọ fún tíṣà kó máa pè yín. Àwa tó kù nílé, èmi, ìyá ẹ̀, àwọn àbúrò, gbogbo wa la gba tiwa pé torí ẹ̀. Èéyi yẹn, afẹ́fẹ́ inú yàrá ṣì lè ràn án fún wákàtí 2 lẹ́yìn tí ẹni tó ní i ti jáde!

Ìyá Táyé: Àwọn ọmọ ti sùn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dá ara mi lẹ́bi. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́fà ni Táyé gbà tí gìrì fi gbé e, gìrì yẹn ò sì lọ mọ́, ó di wárápá. Ta ló máa sọ fún mi pé kì í ṣe abẹ́rẹ́? Èmi ni mo gbé e lọ. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ jíìnì ẹ̀ wò ni wọ́n rí i pé Dravet ni wọ́n ń pè é, irú wárápá kan, inú jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní SCN1A ló ti bà jẹ́ kí wọ́n tó bí i. Dókítà yẹn jókòó tì mí, ó ní lọ́dún 2006 wọ́n lọ yẹ ọmọ 14 wò tí gbogbo ayé gbà pé abẹ́rẹ́ ló ba ọpọlọ wọn jẹ́, 11 nínú wọn ló ní jíìnì yìí. Ibà abẹ́rẹ́ lè jẹ́ kí gìrì àkọ́kọ́ yá dé, ibà ọ̀fìnkìn náà lè ṣe é, àmọ́ ó ti wà níbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò lè mọ̀. Ní báyìí ó ń gbà á, ṣùgbọ́n a ní ìwé tó sọ ohun tí a máa ṣe tí ibà bá dé, oògùn gìrì sì wà nínú báàgì mi. Wọn ò fipá mú mi o, wọ́n tẹ́tí sí mi ni.

Ẹ̀gbọ́n Àlàbá: Ìyá Táyé ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò tíì sọ pé mo gbà. Ṣùgbọ́n flu yẹn, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń fín símú ni fún un.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀gbọ́n, ààyè ni ti imú yẹn. Ọmọ tí àyà ẹ̀ ń fọn tàbí tí ásímà ẹ̀ le, ẹ béèrè ti abẹ́rẹ́, kò sí ohun alààyè nínú ẹ̀. Flu gan-an sì wà lára ohun tó máa ń ta ásímà jí jù.

Màmá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ní oṣù 2 sẹ́yìn, ṣé ó kàn án?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Àwọn mẹ́ta tó wà nínú lẹ́tà, kò kàn wọ́n. Ti èéyi àti chickenpox ló kàn, torí ohun ìjà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fún un máa pa kòkòrò ọ̀lẹ yẹn kí ara ọmọ tó dá a mọ̀, abẹ́rẹ́ á sì di òfo. Wọ́n máa ń dúró tó nǹkan bí oṣù 6. Ẹ rí i pé ẹ dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn fún wọn.

Màmá Àbẹ̀kẹ́: Mo ti pe nọ́ọ̀sì àwọn SS, ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi wá sí, bàbá ẹ̀ náà máa bá wa lọ, ó ní òun fúnra òun lòun máa bi wọ́n. Ó kọ ìbéèrè mọ́kànlá sílẹ̀, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ ọmọ yìí ló kù, ó ti ń ké kí a tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Táyé: Ẹ bi wọ́n nípa ìpara tó ń mú ara kú tipiri, wákàtí kan kí wọ́n tó gún un ni kí ẹ fi sí i, ẹ fi ike tín-ín-rín bò ó kó má nù. Ẹ gbé e jókòó sórí itan yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ o. Táyé máa ń fẹ́ kí n jẹ́ kó mú fóònù mi dání.